Ẹnjiníà ni mí tẹ́lẹ̀, awọ ni mo fi ń mọ ère báyìí. Ẹ gbà mí lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí

IrinDiAwọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé àwòrán ojú bàbá àgbàlagbà kan tí mò ń fi awọ mọ síbí, ẹnì kan sì bi mí pé, "Kí ni ẹnjiníà ń wá nídìí awọ?" Ìbéèrè náà kò bí mi nínú, torí èmi náà ti bi ara mi láìmọye ìgbà. Mo ní kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀, kí n sì béèrè tèmi náà, nítorí iṣẹ́ ọ̀hún ṣì ń yọ mí lẹ́nu lórí tábìlì.

Ọdún 14 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ ni mò ń yàwòrán wọn: ìdérí, àpótí, abọ́ tó ń gba epo sínú. Ẹ gbé irin pẹlẹbẹ kan fún mi, kí wọ́n tó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ni màá ti fi ìka hàn yín pé ibí ni yóò ti ya, ibẹ̀ yẹn ni yóò ti ká jọ. Irin rí bákan náà láti etí kan dé èkejì, ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi ń bá a mu.

Awọ ti gbé ayé kó tó dé ọwọ́ wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ki, ó le. Ikùn rẹ̀ rọ̀, ó ń fà bí aṣọ tó ti gbó. Ọrùn àti èjìká rẹ̀ ní ìlà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹran náà ti ń tẹrí mumi. Ibi tí ẹ̀gún ha á lọ́jọ́ kan ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ́ odindi awọ sílẹ̀, tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kiri, ó yà mí lẹ́nu pé ohun kan ṣoṣo lè ní ìwà mẹ́rin. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti kúrò lórí irin.

Ojú mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ mọ ló bàjẹ́. Ti àkọ́kọ́, mo lo awọ tó rọ̀ múlọ́múlọ́. Mo rẹ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ère igi, mo fi okùn dè é títí ó fi gbẹ. Bí mo ṣe tú okùn báyìí, ó nà padà bí ẹni tó jí lójú oorun, kò rántí ohunkóhun. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé awọ tí wọ́n fi kíróòmù (iyọ̀ irin kan tí wọ́n fi ń ṣe awọ kó má baà jẹrà) ṣe ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe.

Ti ẹ̀kejì, awọ rẹ̀ dára. Ìṣó irin ni mo fi kàn án mọ́ igi yíká. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, àmì dúdú ti yí gbogbo ojú ìṣó ká, ó sì ti ràn wọ inú awọ. Ọ̀kan wà láàárín iwájú orí gan-an.

Ti ẹ̀kẹta, mo ti gbọ́ pé omi gbígbóná máa ń mú awọ le bí igi. Mo bá tì í sínú omi tó ń hó. Kí n tó mí sínú mí síta, ó ti ká kò bí ewé tó jábọ́ sínú iná. Ó le lóòótọ́. Mo tẹ etí rẹ̀ báyìí, ó dá pọ́kí.

Ìkẹrin ni bàbá àgbàlagbà tí ẹ rí. Orí rẹ̀ dára, àgbọ̀n rẹ̀ dára. Àmọ́ níbi tí imú ti pàdé ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú òsì, awọ ń ká jọ ní ìlà mẹ́ta mẹ́rin, mo sì ti fi gbogbo ọgbọ́n tí mo ní tẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n gé e ni, àbí ọ̀nà kan wà láti fà á?

---

Abẹ́rẹ́TóMú

Ẹnjiníà, ẹ káàbọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fọwọ́ kan awọ, tí mo bá sì ka irú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ yìí, ara mi máa ń yá gágá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ti ìṣó. Nínú omi èèpo igi tí wọ́n fi ṣe awọ yẹn, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní táníìnì. Bí òun, omi àti irin bá ti pàdé, dúdú ni yóò yọrí sí. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń po tàdáwà tí wọ́n fi kọ̀wé ní Yúróòpù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwa náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lò ó: ẹ rẹ irin wẹ́wẹ́ sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi omi rẹ̀ pa awọ, yóò dúdú láti inú wá, kò sì ní ṣí sí aṣọ ẹnikẹ́ni. Fún àmì tí ẹ kò fẹ́, omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń mú un fúyẹ́ tí kò bá tíì pẹ́, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan án dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Láti òní lọ, ìṣó idẹ tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ máa lò. Òòlù àti ṣíbí tí ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ náà ń kọ́? Tí wọ́n bá jẹ́ irin lásán, àmì ń bọ̀.

Ó wá kan ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ béèrè nǹkan méjì. Apá wo lára awọ lẹ gé e? Báwo ló ṣe tutù tó nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́?

---

IrinDiAwọ

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣíbí irin lásán ni mò ń lò. Mo ti gbé e sọ nù.

Ẹ̀yìn ni mo ti gé e, nítosí ọ̀pá ẹ̀yìn, nítípọn mílímítà 3.5. Mo rò pé ibi tó le jù ló máa di ìrísí mú jù. Ní ti omi, inú omi ni mo ti yọ ọ́ tààrà, ó ṣì ń kán tó-tó-tó nígbà tí mo gbé e lé igi.

---

Abẹ́rẹ́TóMú

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Awọ tó ń kán kò tíì ṣe tán. Ẹ rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe gbígbóná, títí tí afẹ́fẹ́ kò fi ní jáde lára rẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Lálẹ́ yẹn, omi inú rẹ̀ yóò pín kárí gbogbo fọ́nrán rẹ̀. Láàárọ̀, ẹ tú u, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ti gbígbẹ. Ẹ wá gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara yín. Tó bá tutù lára yín, àmọ́ tí kò fi omi sílẹ̀ níbẹ̀, àkókò tó. Kò sí ẹ̀rọ tó máa sọ èyí fún yín ju awọ ojú yín lọ.

Ẹ̀yìn awọ dára fún ohun tó ní igun àti ojú títẹ́. Fún ojú ènìyàn, tó kún fún kòtò àti òkè, èjìká ni èmi máa ń gé, ó ń fà díẹ̀, ó sì ń di ohun tí a bá sọ fún un mú. Ikùn ń fà jù, bó bá gbẹ, yóò sún kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Mílímítà 3.5 náà ki jù fún abẹ́ ojú. Ẹ fá ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ kó fẹ́lẹ́ díẹ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ibi tó jìn jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀: kòtò ojú, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ imú, kí ẹ wá máa lé awọ tó ṣẹ́ kù lọ sí ìta. Tẹ́ ẹ bá ti kan etí mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tẹ àárín, níbo lẹ fẹ́ kí awọ ti wá wọ inú kòtò?

---

Oníṣirò

Ẹnjiníà ni èmi náà, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ Màmá torí ó wú mi lórí bí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ṣe bá ohun tí wọ́n kọ́ wa mu.

Lọ́dún 1827, Carl Friedrich Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, fi hàn pé ohun pẹlẹbẹ kò lè di ohun tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé a fà á tàbí a fún un pọ̀ níbì kan. Ẹ lè ká bébà di ọ̀pá, ẹ lè ká a di àrọ, kò ní ya, kò ní ká jọ. Ẹ wá fi bo bọ́ọ̀lù wò. Bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é, yóò ká jọ létí. Iwájú orí bàbá yẹn, apá ọ̀pá ló jọ, ìdí nìyẹn tó fi gbà láìjà. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ imú ń tẹ̀ wọlé lápá kan, ó ń tẹ̀ síta lápá kejì, bíi gàárì ẹṣin. Ibẹ̀ ni gbogbo gbèsè ìṣirò náà kó jọ sí.

Nínú iṣẹ́ irin, a máa ń fi òrùka wúwo tẹ etí irin mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tì í wọ inú ihò, kó lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀ láìká jọ. Ṣé ẹ ti gbìyànjú irú rẹ̀ lórí awọ?

---

IrinDiAwọ

Mo gbìyànjú rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Òun gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣe, torí òun ni mo mọ̀. Mo gé òrùka pákó méjì, mo fi bóòtù mẹ́jọ dè wọ́n, mo há awọ sáàárín, mo sì ń ti ojú igi wọlé láti òkè. Ó ṣiṣẹ́ fún àwo tó jìn níwọ̀nba. Fún ojú ènìyàn, kò ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàtọ̀ iṣẹ́ méjèèjì.

Irin tí ẹ bá ti tẹ̀ kọjá ààlà rẹ̀ ti gbà nìyẹn. Lójú ẹsẹ̀ ni. Awọ tútù kì í gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò kọ̀. Ẹ má yọ ọwọ́. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka yín bí agbára tó fi ń ta kò yín ṣe ń rọlẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ ó tún tì í díẹ̀. Òrùka mi ń fi agbára kan náà tẹ gbogbo etí lásìkò kan náà, bẹ́ẹ̀ apá ibi ikùn fẹ́ wọlé kíákíá, apá ibi ẹ̀yìn kò tíì ṣe tán. Ọwọ́ mi méjèèjì lè tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì lè dúró de ẹni tó ń lọ́ra.

Mi ò sọ ìṣirò nù o. Gauss ń sọ ibi tí ìjà yóò ti ṣẹlẹ̀ fún mi kí n tó rẹ awọ rárá. Mo máa ń fi pẹ́ńsù sàmì sára ère igi: ibí yóò fà, ibí yóò fún pọ̀. Ìka mi ló wá ń sọ ìgbà tí ó tó.

---

Akẹ́kọ̀ọ́Ọnà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Báwo lèmi ṣe máa mọ awọ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe yàtọ̀ sí ti kíróòmù? Ẹnì kan ní kí n jó etí rẹ̀ wò.

---

Olùtọ́júOhunÀtijọ́

Má jó o, àbúrò. Iná lè sọ kíróòmù inú rẹ̀ di irú èyí tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, kò sì yẹ kí o fa èéfín rẹ̀ símú nítorí kí o lè mọ orúkọ awọ.

Fi abẹ tó mú gé etí rẹ̀ kí o wo inú. Inú ti kíróòmù sábà máa ń rí bíi búlúù tó ṣe eérú, tí wọn ò bá tíì pa á láró dé inú. Inú ti èèpo igi máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kán omi kan sí ojú èyí tí wọn kò tíì fi nǹkan pa. Ti èèpo igi á fa omi náà mu, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Lórí ti kíróòmù, omi náà sábà máa ń jókòó bí ìrì. Lẹ́yìn náà, ṣẹ́ ẹ po kí o sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá tutù. Èyí tó bá di ojú èékánná mú ni tìẹ.

Kíróòmù kò burú fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí Augustus Schultz ti gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà kíróòmù rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1884 ni ó ti ń gba ọjà lọ́wọ́ èèpo igi, torí iṣẹ́ tí èèpo igi ń fi ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ṣe, kò gbà á ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ó rọ̀, kò sì bẹ̀rù omi. Ohun tó mú kó dára fún bàtà àti àga ni kò jẹ́ kó dára fún ère: kì í gbàgbé pé pẹlẹbẹ ni òun.

---

ỌmọGbẹ́nàgbẹ́nà

Igi ni mo ń gbẹ́ ní tèmi, mo máa ń gbẹ́ ère ìsàlẹ̀ fún àwọn tó ń mọ awọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí ní àwọn àgbà. Ní Padova, ní Ítálì, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Amleto Sartori ló jí iṣẹ́ ìbòjú awọ àwọn òṣèré commedia dell'arte (eré ìtàgé àtijọ́ ará Ítálì tí wọ́n ń fi ìbòjú ṣe) dìde, nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ojú igi ló ń gbẹ́ kọ́kọ́, á wá fi awọ tútù bò ó, á sì máa lù ú pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ títí awọ yóò fi gba gbogbo ojú igi náà. Donato ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Èmi fẹ́ràn láti máa rántí pé lílù ni, kì í ṣe títẹ̀ nìkan. Lílù ń mú kí fọ́nrán awọ há pọ̀, ojú rẹ̀ á dán, á sì le.

Ní ti igi: ẹ kùn ún kó má fa omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà ara igi yóò jáde sójú awọ. Ẹ sá fún igi tó ní oje. Kí ẹ má sì gbẹ́ ibi tí awọ á wọ̀ tí kò ní lè jáde mọ́, irú bí abẹ́ ihò imú tó ká wọlé. Mo ti rí ẹni tó ní láti fọ́ ère igi oṣù kan kó tó lè yọ awọ rẹ̀ kúrò. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ jẹ́ kí igi náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta, kí èyí tó wà láàárín kọ́kọ́ fà jáde.

---

ẸyẹÌrọ̀lẹ́

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Ìbéèrè tèmi le díẹ̀. Tí ère igi bá ti ní ojú, imú àti ẹnu, tí awọ kàn ń gba ìrísí rẹ̀, kí ni awọ wá ṣe níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ọnà ni àbí iṣẹ́ ọwọ́ lásán? Mi ò fi kẹ́gàn o. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

---

IrinDiAwọ

Ìbéèrè gidi ni, mo sì dúpẹ́ pé ẹ bi mí báyìí.

Lára igi, ojú bàbá yẹn kò ní ìpéǹpéjú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má gbẹ́ ẹ. Nígbà tí awọ ti gba ìrísí tó kù, tó ṣì tutù, mo yọ ọ́ kúrò lórí igi, mo dojú rẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wá fi orí egungun tó dán ti ìpéǹpéjú jáde láti inú, bíńtín bíńtín. Mo yí i padà, mo fi etí ṣíbí tẹ ìlà tó wà lókè rẹ̀ wọlé. Mo tún yí i. Bí mo bá tì í ju bó ṣe yẹ lọ, bàbá náà á la ojú bí ẹni tí nǹkan dẹ́rù bà. Bí mo bá tì í díẹ̀, ó ti sùn. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò tó mílímítà kan. Nígbà tó dé ibi tí mo fẹ́, tí ó dà bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ láìwo ẹni tó ń sọ ọ́, mo po ìyẹ̀fun awọ pọ̀ mọ́ àtè, mo fi kún ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà wọlé mọ́.

Ìyẹn ni awọ ṣe níbẹ̀. Igi kì bá tí gbà kí n yí ọkàn padà. Irin pàápàá kò ní gbà. Awọ fún mi ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti bá a sọ̀rọ̀ kó tó le.

Ní ti ẹnjiníà àti ọnà, èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Alexander Calder gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Stevens Institute of Technology lọ́dún 1919 kó tó di agbẹ́rè. Àwọn ère rẹ̀ tó ń rọ̀ lókè, tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí Marcel Duchamp, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, fún ní orúkọ "mobile" lọ́dún 1931, ìwọ̀n àti ìdọ́gba ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá wo wọn á mọ̀ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

---

Akẹ́kọ̀ọ́Ọnà

Omi gbígbóná yẹn ńkọ́? Mo rí àwọn tó ń fi ṣe é, iṣẹ́ wọn sì dára.

---

IrinDiAwọ

Àbúrò, mo ti padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́, mo sì fi tẹmọ́mítà wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun tó ń gbé awọ ró ni kọ́lájìn, fọ́nrán tó wé mọ́ ara wọn bí okùn. Tí ooru bá dé ìwọ̀n kan, okùn náà á tú, á sì sún kì. Awọ tútù tí wọn kò tíì ṣe rárá, ní bíi 60 sí 65°C ni. Ti èèpo igi, láàárín 70 sí 85°C. Ti kíróòmù lè dé 100°C kó má tíì ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí omi tó ń hó fi pa ojú kẹta mi: mo kọjá ààlà rẹ̀ lọ jìnnà.

Mo gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, mo kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn. Omi 80°C. Èyí tó lo ìṣẹ́jú àáyá 20 sún kì díẹ̀, ó sì le bí ike tó ṣì ń tẹ̀. Èyí tó lo ìṣẹ́jú kan ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7, ó nípọn sí i, ó dún kọ́kọ́ tí mo fi kan tábìlì. Èyí tó kọjá ìṣẹ́jú méjì, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń là. Awọ kan sí èkejì, ìṣẹ́jú yẹn ń yí padà, nítorí náà má gba nọ́ńbà mi bí òfin. Gé tẹ́ẹ́rẹ́ tìrẹ lára awọ tí o fẹ́ lò.

---

Abẹ́rẹ́TóMú

Ẹnjiníà, èmi kò gbà pé kí ẹni tó ń mọ ojú ènìyàn lo omi gbígbóná rárá. Ojú awọ á yí padà, á sì ki, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹ fi ṣíbí tẹ̀ á lọ. Títẹ̀ pẹ̀lẹ́ àti sùúrù tó. Tí ẹ bá fẹ́ kó le, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, kí ẹ wá fi ìda gbígbóná díẹ̀ pa á láti ẹ̀yìn.

---

IrinDiAwọ

Màmá, lórí ojú, mo gbà. Lórí àwọn ère tó dúró gedegbe, tí kò ní igi nínú, mi ò tíì rí ohun mìíràn tó lè gbé wọn ró. Mo ní ẹ̀ka igi kan tí mo fi awọ ká, gíga rẹ̀ ju èmi lọ. Bí kò bá sí omi 80°C, kò ní dúró.

---

Abẹ́rẹ́TóMú

Ó dáa. Ẹ̀ka igi kì í sọ̀rọ̀. Mo gbà fún ẹ̀ka igi.

---

Olùtọ́júOhunÀtijọ́

Ìjà yín méjèèjì ti pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ Faransé *cuir bouilli*, "awọ bíbọ̀", ni wọ́n ń pe irú awọ líle bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ ní Yúróòpù. Nígbà tí Edward, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Black Prince, kú lọ́dún 1376, wọ́n gbé àwọn ohun ìjà rẹ̀ sókè ibojì rẹ̀ ní kàtídírà Canterbury. Ère ẹranko tó wà lórí àṣíborí rẹ̀, awọ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ó ti lé ní ọdún 600, ó ṣì wà.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn mú yín sùn o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tọ́jú ohun tó ti pẹ́, mo sì ti gbá ìyẹ̀fun pupa nílẹ̀ lábẹ́ awọ tí kò tó ọdún 150. Awọ èèpo igi tó bá ń mí afẹ́fẹ́ tó ní èéfín èédú máa ń jẹra láti inú, a máa pupa, a máa kú sílẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe tuntun, ẹ gbé e síbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti ń kọjá 65, kò ní pẹ́ bu. Kí oòrùn má tàn sí i lójú. Ẹ má sì máa fi epo pa á lọ́dọọdún nítorí pé ó dà bíi pé ó gbẹ. Epo á sọ ọ́ di rírọ̀, ìrísí tí ẹ fi oṣù kan mọ á sọ̀ kalẹ̀, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

---

Oníṣirò

Ẹ̀gbọ́n IrinDiAwọ, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tó wà lọ́kàn mi láti àárọ̀. Báwo lẹ ṣe kúrò? Amọ̀ ni mo ń mọ ní alẹ́, ọdún karùn-ún rèé. Mo máa ń jókòó sí ìpàdé, kí ọwọ́ mi máa wá amọ̀ lábẹ́ tábìlì.

---

IrinDiAwọ

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe méjèèjì pọ̀: ọ̀sán fún irin, òru fún awọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, mo kọ́kọ́ fi owó ọdún kan pamọ́, mo sì sọ fún àwọn ará ilé mi kí n tó sọ fún ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló le jù. Kì í ṣe pé wọ́n lòdì sí i. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé mo ti rò ó délẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ọdún 14 yẹn máa ṣòfò. Kò ṣòfò. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo awọ sí: apá tí mo ti gé e, bó ṣe nípọn tó, bó ṣe wúwo tó kó tó mu omi àti lẹ́yìn tó mu ún tán, wákàtí tó fi gbẹ, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti di ìwé karùn-ún. Ẹnjiníà ló kọ ọ́. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá bàjẹ́, mi ò kì í jókòó sunkún, mo máa ń ṣí ìwé. Amọ̀ rẹ náà yóò jàǹfààní ohun tí o mọ̀. Má fi ọwọ́ ọ̀tún gba ọnà kí o fi ọwọ́ òsì ju ìmọ̀ rẹ nù.

Àmọ́ má lọ nítorí pé iṣẹ́ sú ọ. Iṣẹ́ kò sú mi rí. Mo lọ nítorí pé ìbéèrè tí mo fẹ́ máa dáhùn ní àárọ̀ ti yí padà.

---

Abẹ́rẹ́TóMú

Ẹnjiníà, ọjọ́ kẹfà rèé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́?

---

IrinDiAwọ

Màmá, mo ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí. Mo gé awọ tuntun láti èjìká, mílímítà 3, mo fá a di 2 lábẹ́ ojú méjèèjì. Mo rẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo fi ọ̀rá wé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi: ó tutù, kò fi omi sílẹ̀. Kòtò ojú ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Mo di àtàǹpàkò méjèèjì mú níbẹ̀ títí wọ́n fi ń kú tipiri, awọ wá rọra wọlé fúnra rẹ̀ láti apá etí, mo fojú rí i bó ṣe ń rìn lábẹ́ ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ imú. Etí ni mo kàn kẹ́yìn, ìṣó idẹ.

Ìlà mẹ́ta ti lọ. Ọ̀kan kù, lábẹ́ ojú òsì, tín-ín-rín, ó ń lọ sísàlẹ̀ síhà ẹnu. Mo ti gbé ṣíbí láti pa á rẹ́. Mo wá gbé iná sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́, mo wo bàbá náà fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbé ṣíbí sílẹ̀. Ojú ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ìlà yẹn tọ́ sí i.

Ó ti ń gbẹ báyìí, ó ku ọjọ́ méjì.

---

Abẹ́rẹ́TóMú

Ẹ má gbé e sítòsí iná kó lè tètè gbẹ o. Tó bá gbẹ tán, ẹ ya àwòrán rẹ̀ wá, láti apá òsì.